Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Bàbá Mi

Títí dòní, inú máa ń bí mi bí mo bá rántí bí wọ́n ṣe fi ẹ̀dọ̀ bàbá mi pè é ní ọ̀mùtí. Bàbá tèmi! Akọ̀wé bíró ìjọba ní Atakpamé, alàgbà ìjọ ní Agbonou, ẹni tí kì í jẹ́ kí sodabí, ògógóró ilẹ̀ wa, wọ ẹnu ọ̀nà wa, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ yọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn ún, gbogbo ayé sì ti gbà pé ẹ̀dọ̀ tó bá wú, ọtí ló wú u. Ni ìjọ bá ní kó dúró ná, kó má jẹ Oúnjẹ Olúwa títí àwọn yóò fi wádìí. Kò bá wọn jà. Ó lọ ń jókòó sẹ́yìn, lórí àga gígùn àwọn ọmọdé, ó ń wo ilẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, èmi ni mo sì ń to oògùn nílé ìwòsàn. Dókítà tuntun kan ti fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ Bàbá ránṣẹ́ sí Lomé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí èsì dé, ó pè mí.

"Ọ̀rá ló kún un. Ṣé bàbá rẹ máa ń mutí?"

"Kò mu ún rí, Dókítà! Ẹ jẹ́ kí n búra!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé ọ̀rá lè wọ ẹ̀dọ̀ ẹni tí kì í mutí, pàápàá ẹni tó sanra, tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, tó sì ń da wàrà inú agolo sí tíì bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Mo bi í pé oògùn wo ni kí n gbé, mo ti nawọ́ sí pẹpẹ.

"Kò tíì sí. Wọ́n ṣì ń wá ohun tí wọn yóò pò pọ̀ tí yóò yọ ọ̀rá yẹn. Kó dín wàrà kù, kó máa fẹsẹ̀ rìn, kí ọtí má sì kan ẹnu rẹ̀ rárá." Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lu òǹtẹ̀.

Háà! Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Ta ló fẹ́ dúró de takisí? Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí ilé ìwòsàn wà dé Agbonou, bàtà lọ́wọ́, gèlè léjìká, mo ń ké "Kì í ṣe ọtí o!" fún ẹni tí kò bi mí.

Mo bá alàgbà méjì nílé wa tí wọ́n wá ṣe ìwádìí. Mo ka ìwé náà sí wọn létí ní Faransé, mo tún un sọ ní Ifẹ̀, èdè ilé wa. Èyí tó dàgbà jù ti ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìgò kan lẹ́yìn àga. Egbò igi ló wà nínú rẹ̀, omi rẹ̀ ti dé ìdajì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Sodabí!

Bàbá wo ìgò náà bí ẹni rí ejò. "N kò mọ̀ ọ́n rí."

Ìyá mi jáde láti ìdí ààrò, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni. Oògùn ẹ̀dọ̀ ni, bàbá àgbà kan ní Akparé ló bá mi rẹ ẹ́. Kí la tún fi ń rẹ egbò bí kò ṣe sodabí? Bí mo bá sọ fún un, kò ní mu ún. Ṣíbí kan ni mo ń dà sínú kóko, ẹ̀kọ mímu rẹ̀, láràárọ̀, láti ìgbà iṣu tuntun."

Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Oògùn ẹ̀dọ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́! Àwọn alàgbà náà bú sẹ́rìn-ín.

"Abájọ tí kóko kì í fi í ṣẹ́ kù nílé yìí!" Àgbà náà gbá Bàbá léjìká. "Ó tán. Ọ̀la ni Oúnjẹ Olúwa, ẹ padà sáàyè yín."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fa Ìyá mi dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn. Lánàá, mo lè búra pé n kò mutí rí. Lónìí, mo ti mọ̀ pé mo mu ún."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ jókòó sórí àga àwọn ọmọdé. Ìyá mi dìde láàárín àwọn obìnrin, ó rìn kọjá lójú gbogbo ìjọ, ó lọ jókòó tì í. Nígbà tí àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn méjèèjì jẹ́ kó kọjá.