Wáyà Dúdú Tó Wà Láàárín

Ọkọ mi, tó ń tún rédíò ṣe ní Iyere, máa ń fi ahọ́n tọ́ bátìrì wò kó tó kí oníbàárà. Nígbà ìbò, ó ṣe agbóhùnsókè fún ọkọ̀ ìpolongo. Ẹ̀rọ náà fẹ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù àti òdo láàárín wọn, èyí tó gba bátìrì méjì, ṣùgbọ́n bátìrì ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ó pín iná rẹ̀ sí méjì, ó fa wáyà dúdú jáde láàárín.

“Délé, má so èyí mọ́ ara ọkọ̀ o!” ló sọ fún dírẹ́bà ọkọ̀ náà.

“Ọ̀gá, ṣebí ara ọkọ̀ ni dúdú ń lọ!”

Délé so ó mọ́ ara ọkọ̀, níbi tí nẹ́gétíìfù bátìrì ti wà tẹ́lẹ̀, gbogbo iná sì ya lu apá kan ẹ̀rọ. Kapásítọ̀, agolo kékeré tó ń tọ́jú iná nínú ẹ̀rọ, bẹ́, ó fọ́ ojú ọkọ mi méjèèjì.

Ní ọsibítù, ó ní, “Ìyá Bùsọ́lá, o ò tanná ni?”

“Wọ́n ti mú iná lọ,” ni mo dáhùn. Oòrùn ọ̀sán ń jó mi lẹ́yìn.