Ìró Ẹ̀tù, Ìró Ọta

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ilé tí yunifásítì fún wa ní Ábídíyà, lẹ́yìn ìlú Mẹ́kà, ó gbé àwo pẹrẹsẹ lé ẹsẹ̀, ó ń ju òkúta inú ẹ̀wà sínú ife. Mo ní kí n bá a ṣe díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àlàájì, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí ẹ ṣà lọ́jọ́sí, eyín mi kò tíì gbàgbé rẹ̀."

Kò tíì ṣà á tán tí ọkọ̀ fi dé. Ó gbé àwo náà sórí fìríìjì, a sì kọrí sí Jẹ́dà. Fisiksi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Sáúdí tó ń bá mi to irinṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ló ń gbéyàwó fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ ọdẹ ni ìyàwó mi. Nígbà tí mo sọ fún un nínú ọkọ̀ pé wọn yóò yìnbọn níbi ìgbéyàwó náà, ó ní ìbọn bàbá òun máa ń ti èjìká rẹ̀ títí yóò fi wú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yìn ín lásán.

"Ìbọn tí kì í dun ẹni tó ni ín, ìyẹn ni kí ẹ máa bẹ̀rù."

Mo ṣàlàyé fún un bí ìwúwo ọta àti ìwúwo ìbọn ṣe ń pinnu bí yóò ṣe ti èèyàn tó. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì ni mo ṣe sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà," ó ní, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn àgbà jó pẹ̀lú ìbọn gígùn àtijọ́. Ẹ̀tù nìkan ni wọ́n ń ki sí i. Wọ́n á fò sókè, wọ́n á yìn ín sílẹ̀, èéfín á bo ẹsẹ̀ wọn. Ó dára wò. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó, ọkùnrin onírùngbọ̀n tí owó epo ti sọ di ẹni tó ń pààrọ̀ mọ́tò lọ́dọọdún, gbé ìbọn tuntun jáde láti inú búùtù. Ọwọ́ kan ló fi gbé e sókè, ó sì ń dún léraléra.

Àwọn obìnrin wà nínú àgọ́ tiwọn lẹ́yìn wa. Ọmọbìnrin kékeré kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, sáré wá bá mi. Lárúbáwá ló fi jíṣẹ́: Àlàájà ní kí a máa lọ, èyí kì í ṣe ẹ̀tù, òun mọ ìró ọta.

Mo ní kó sọ fún un pé òkè ni wọ́n ń yìn ín sí, pé a ò tíì jẹun.

A ò tíì jẹun. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ìgbà kejì tí ọkùnrin náà yìn ín, ìbọn tì í, ẹnu ìbọn náà yí sẹ́yìn kí ó tó yọ ìka kúrò. Ọta wọ àgọ́ àwọn obìnrin. Ìyàwó mi kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Mẹ́kà la sin ín sí. Àwọn èèyàn ní oore ńlá ni kí a sinni síbẹ̀. Mo ṣe àmín.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ wa péjọ sílé dókítà kan ní Ṣarafíyà, ní Jẹ́dà, láti ṣàdúà. Tíì kò tíì tutù tí ọ̀rọ̀ ìbọn fi bẹ́ sílẹ̀.

"Kí ìjọba fòfin de ìbọn tó bá ń tì," ẹnjiníà kan ní. "Èyí tí ọwọ́ kan ò lè dì mú, kò yẹ ará ìlú."

"Ẹ̀yin ẹnjiníà, irin nìkan lẹ mọ̀," dókítà dáhùn. "Èmi ni mo ń yọ ọta lára èèyàn. Ọta ni kí wọ́n dè. Kí wọ́n máa ta ẹ̀tù."

"Kí la ó wá fi lé olè? Èéfín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí mi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n nínú ìwé."

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé wa ni wọ́n wá ṣàdúà fún, kò sì kàwé kọjá ìwé mẹ́fà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá ọkọ ìyàwó wá sí Ábídíyà. Ọmọ rẹ̀ tó yìnbọn wà látìmọ́lé. Kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún un. Ó tẹ́ ìwé kan síwájú mi, tí yóò lọ sọ́dọ̀ adájọ́: pé èmi, onímọ̀ fisiksi, jẹ́rìí pé bí ìbọn ṣe tì ló yí ẹnu rẹ̀ padà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó mú un.

"Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wọn," ó ní. "Èmi ni mo ń to irinṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Ṣé irọ́ ni?"

Kì í ṣe irọ́. Ohun tó korò níbẹ̀ nìyẹn. Mo fagi lé ohun tí wọ́n kọ, mo kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀: ìbọn tì í lóòótọ́, kí ó tó tì í, ó ti yìn ín, kí ó tó yìn ín, ó ti ki ọta sí i, níbi tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń fi ẹ̀tù jó. Mo buwọ́ lù ú.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀."

Ó ká ìwé náà, ó jáde. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí ọmọbìnrin kékeré jẹ́ fún mi, èmi náà kò sì kọ ọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ gan-an báyìí. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ń kọ ọ́.

Nígbà tí ìró mọ́tò rẹ̀ lọ tán, mo gbé àwo orí fìríìjì sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ṣà tó ìdajì, ó sì yà á sọ́tọ̀ sápá kan. Mo jókòó sílẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó, mo ṣa èyí tó kù títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Mo sè é, mo bù ú, mo jẹ ẹ́. Òkúta kan wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́ lẹ́nu, mo jù ú sínú ife mọ́ tirẹ̀, mo sì ń jẹun lọ.