Oríkì Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Líńkà

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa kọ́ kọ̀ǹpáílà láti ìpìlẹ̀ nílùú tí iná ń lọ nígbà tó bá wù ú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ orí rẹ̀ wò. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìkpòbà Hill là ń gbé nígbà náà, ní Bẹnin, èmi, òun àti ìyá wa, tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ní Èkìtì tó wá ń bá wa gbé. Ìgbà díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ, "ìwọ" ni mo sì ń pè é. Màámi bá mi jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú wọn.

Ètò kọ̀ǹpútà la jọ ń kọ fún àwọn ilé ìtajà àti ilé oògùn. Kọ̀ǹpáílà ni irinṣẹ́ tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe. Líńkà ni ìkejì rẹ̀, òun ló ń so iṣẹ́ náà pọ̀ ní ègé-ègé títí yóò fi di odidi. Ọ̀fẹ́ ni èyí tí à ń lò. Àwọn tó ṣe é ti tú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síta fún aráyé. Ẹlòmíì á mú èyí tí wọ́n ti sè jinná, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Ó ní àwọn ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí à ń rà ò lè gbé e, àfi ká fọwọ́ ara wa kọ́ ọ, ká gé èyí tí a ò nílò kúrò, ká sì máa tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe.

Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ ló ń kọ́ tuntun. Tuntun á wá tún ara rẹ̀ kọ́, á tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó fi méjèèjì wéra. Bí wọn ò bá yàtọ̀ rárá, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kò sí ohunkóhun ti àtijọ́ nínú rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀, irinṣẹ́ náà á bi ọ́ pé ibo nínú kọ̀ǹpútà ni òun yóò máa gbé, kí o sọ ibẹ̀ lórúkọ. Orúkọ tí o bá sọ ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ, kò sì ní jáde mọ́ àfi tí o bá tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Àwọn mìíràn á fi orúkọ wọn síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ fi oríkì rẹ̀ sí i, oríkì tí Màámi fi ń dá a lóhùn láràárọ̀ tó bá ti dọ̀bálẹ̀.

Mo ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà ló kù tó máa wá máa kì ọ́ báyìí?"

Ó ní, "Jẹ́ kó máa kì mí. Ìwọ ò ṣáà ní kì mí."

Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, líńkà kì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tó bá wá nǹkan tì ló ń fọhùn. Á kọ́kọ́ kọ ibi tó ń gbé: ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó túmọ̀ sí ilé, oríkì ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀ lé e, á wá ní òun wá nǹkan báyìí, òun ò rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn, kò pẹ́, ó kú. Kò tíì láya, kò tíì bímọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì bá mi gbé e lọ, àwọn ìyá ìjọ sì jókòó ti Màámi nínú yàrá, nítorí òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ibẹ̀ fún wọn. Àwọn náà ò bèèrè.

Láti ìgbà náà Màámi ò ki ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ní, "O káàárọ̀," ó tán. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ní oríkì o. Ó dùn mí wọra, ojú sì tún ń tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń dùn mí nígbà tí ọmọ wọn kú.

Ọjọ́ tí mo padà sídìí iṣẹ́, mo ṣi nǹkan kan kọ, líńkà bá kọ ọ́ síwájú mi: ilé, oríkì ẹ̀gbọ́n mi, mo wá a, mi ò rí i. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo lọ jókòó síta.

Kò mọ sí tiwa nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irinṣẹ́ yẹn, àwọn yẹn ti fún ẹlòmíì. Mo wọ káfẹ́ kan nítòsí Ring Road lọ́jọ́ kan, mo bá oríkì ọ̀hún lójú kọ̀ǹpútà ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Ọmọ náà pòṣé sí i. Ó ní, "Wetin be this one sef?" Mo jáde láìṣe ohun tí mo bá lọ.

Ọ̀sán kan ni Màámi gbé àgbàdo sísè wá fún mi tí wọ́n fi rí i lójú kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n kà á sókè bíi tíṣà tí wọ́n jẹ́. Ilé. Oríkì. Wọn ò sunkún. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ti Santana Market dé, wọ́n á gbé ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó wá sọ́dọ̀ mi. "Ṣé ó ti sọ̀rọ̀ lónìí?" Bí kò bá tíì sọ̀rọ̀, màá mọ̀ọ́mọ̀ ní kó lọ wá ohun tí kò sí. Wọ́n á kà á, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí wọn, ètè wọn á máa mì. Èmi á máa jẹ àgbàdo. Mo rò pé ó kàn ń tù wọ́n nínú ni.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó ti fẹ́ bàjẹ́. Mo ra òmíràn, irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ò sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àfi kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé yóò bá wa lọ sínú tuntun?"

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Nígbà tí irinṣẹ́ náà wá bi mí pé ibo ni òun yóò máa gbé, ọwọ́ mi dúró. Ó ti rẹ̀ mí. Èmi tí mo mọ ibi tí a sin ẹ̀gbọ́n mi sí, ń kò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa pè é síwájú mi títí ayé. Ká sọ tòótọ́, mo tún rò pé bí Màámi bá rí oríkì tèmi níbẹ̀, ẹnu wọn lè là, kí wọ́n rántí pé ẹnì kan ṣì wà nílé. Mo fi tèmi sí i.

Ó parí. Mo fi ti ìkẹyìn wé èyí tó ṣáájú rẹ̀, wọn ò yàtọ̀ rárá. Lọ́sàn-án, Màámi gbé àga wọn wá. Mo rán líńkà lọ wá ohun tí kò sí.

Ilé. Oríkì mi. Mo wá a, mi ò rí i.

Màámi yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. Wọ́n gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀.

"Yọ ọ́ kúrò."

"Màámi, èmi ni mo kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi—"

"Mo ní kí o yọ ọ́ kúrò. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà nìyẹn. Ẹ ò fi hàn mí, mo fúnra mi rí i. Kí lo wá fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Wọ́n wá pe oríkì mi. Wọn ò pè é bí ìgbà tí ìyá ń ki ọmọ. Wọ́n pè é bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọdé tó sún mọ́ etí kànga. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ló kù mí kù."

Àṣé gbogbo ọ̀sán wọ̀nyẹn, sàréè ni wọ́n ń wá wò, èmi sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń jẹ àgbàdo.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo fi oríkì ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Iná lọ, mo ra epo, mo ń bá a lọ. Màámi ò dìde títí líńkà fi pe ẹni tó yẹ kó pè. Wọ́n kà á, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Wọ́n ti padà ń kì mí báyìí. Wọn kì í tiẹ̀ dúró di àárọ̀. Wọ́n lè wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n á ṣàdédé pe oríkì mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì dákẹ́, wọ́n á máa retí. Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń jù ú sílẹ̀, kí n lè tètè dáhùn.