Àáró Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń San

Mo rántí ọpọlọ àgbò kan nínú ìgò. Dókítà obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ọpọlọ àti wèrè ló gbé e wá sí ilé ìwé wa ní Kabba, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wa kúrò lára Kwara tí a di ará Kogi. Ọmọ kan lẹ́yìn kíláàsì ní, "Mà, nílé tiwa, ọjọ́ Iléyá la máa ń jẹ ìyẹn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló le jù, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ wèrè kàn mí.

Ó kàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé nínú ṣẹkẹṣẹkẹ. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a kọ ebè. Katakata aroko ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń fa igbó kó tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Àwọn àgbà mọ̀, wọ́n sì ń yìn ín. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí a kò rí jà ni bàbá wa so ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àáró la fi ń ṣoko: ẹni tó bá bá ọ kọ ebè, ìwọ náà á lọ bá a kọ tirẹ̀. Tó bá ti kan ilé wa, bàbá á tú u, á fún un ní igbó díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, á ní kó máa lọ. A rò pé à ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Dókítà náà ní ọpọlọ máa ń mọ igbó bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà oko. Tó bá yá, ẹsẹ̀ á máa dá lọ. "Orí àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbà á rárá. A ò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán, òun la ṣì ń wádìí. Àìsàn ni. Ẹni tó bá ń ṣe, ẹ má fún un ní igbó mọ́, ẹ tètè gbé e wá sílé ìwòsàn."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún bàbá.

"Okun o, dókítà," ó fi ìkíni ilẹ̀ wa ṣe mí yẹ̀yẹ́. "Ọ̀la ló kàn wá. Ta ló máa lọ? Ìwọ tí ọkọ́ ń gbé ṣubú?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

"Wọ́n á ní a rẹ́ àwọn jẹ."

Ká sọ òótọ́, bó ṣe kọ̀ fún mi tún tù mí lára.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, ó sì fún un ní igbó. Lóko, ẹ̀gbọ́n mi kọ ebè ju gbogbo àwọn tó wá san àáró lọ. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun, kò dúró. Ó kọ ọ́ wọ oko olóko, ó kọ ọ́ dé etí títì, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára èékú ọkọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa mú un délé, kò mọ èmi àti bàbá mọ́. Ìgbà tí ìkórè parí la tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní a pẹ́.

Bàbá ti kú báyìí. Èmi náà ò ka ìwé ọ̀hún jìnnà. Oko ni mò ń ro. Oògùn ilé ìwòsàn ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí oorun sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn o, òjò o, ó ń kọ ebè lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo ń gbin iṣu sí i. Tí mo bá sè é tí mo gbé tirẹ̀ fún un, á wò mí bí ẹni wo àlejò, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ti san àáró wọn tán?"

Mo máa ń sọ fún un pé a ti san án tán. Kò gbà mí gbọ́ rí. Á jẹun tán, á tún gbé ọkọ́.