Ìyá Tóyìn àti Ọmọ tí Wọ́n Ní Ó Jí Gbé

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé tí Ìyá Tóyìn wọ bàálù, gbogbo àdúgbò Ọgbà l'Ékòó ti gbọ́ pé ó jí ọmọ òyìnbó gbé. Nígbà tí ìròyìn náà máa fi dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ti di ìbejì. Ní Agége, wọ́n ti di mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọba.

Ọ̀dọ̀ Mùíbì tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń gba fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀. Tóyìn pè é láti Manchester pé màmá òun kò tíì dé o, pé àwọn ọlọ́pàá pápákọ̀ òfurufú ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lórí ọmọ kan. Mùíbì kò fi nǹkan kan kún un. Ó kàn sọ ọ́ fún ogójì ènìyàn kí oòrùn tó wọ̀, oníkálukú sì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ọládùnní lorúkọ Ìyá Tóyìn gan-an. Ará Èkìtì ni, opó ni, ó sì ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún di bisikíìtì sínú páálí. Olútóyìn nìkan ló bí. Ọdún keje rèé tí ọmọ náà ti lọ sí Manchester. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù fún ìyá, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ní ṣọ́ọ̀bù Mùíbì. Nígbà tí Tóyìn bímọ, ìyá ra ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn, àdín àti òrí tó lè wẹ gbogbo ọmọ Manchester. Kó sáà ti débẹ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, kó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó sì sọ ọ́ lórúkọ lójúkojú.

Bàálù ní rárá. Ní Ìkẹjà níbí, wọ́n jókòó fún wákàtí mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n fi dé ìlú òyìnbó tí wọ́n ti máa pààrọ̀ bàálù, ti Manchester ti lọ. Wọ́n ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, yìnyín bo ilẹ̀, wọ́n ní ó di ọ̀túnla. Ìyá Tóyìn sùn lórí àga irin, ó ń fi ìka ka ọjọ́: ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà, èkeje.

Lọ́jọ́ keje yẹn, ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó kan tí bàálù tirẹ̀ náà kò gbéra jókòó tì í, ọmọ rẹ̀ ń ké bíi fèrè ilé iṣẹ́. Ìyá Tóyìn na ọwọ́. Òyìnbó gbé ọmọ fún un, oorun sì gbé òyìnbó náà lọ. Ni Ìyá Tóyìn bá gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tú báàgì, ó wẹ̀ ẹ́. Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó wá di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń gbọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ rí i, ó figbe ta. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n dé tó láti gba ìlú kan.

Ìyá ọmọ jí, ó ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàálù Manchester ti lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Ìyá Tóyìn débẹ̀. Ẹlòmíràn ti sọ ọmọ lórúkọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Fàúsát tí wọ́n jọ ń di páálí bú sí èpè.

"Ìyá Tóyìn, àwọn ọlọ́pàá yẹn ò ní í rí ire! Àwọn ni ò jẹ́ kí ẹ bá wọn sọ ọmọ yín lórúkọ."

"Má ṣépè fún wọn jàre. Tíì ni wọ́n fún mi. Bàálù ti lọ kí wọ́n tó dé."

"Ẹ ò gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é ni?"

"Mo gbọ́. Manchester, Manchester, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọṣẹ ṣì wà lára ọmọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣàn án nù. Mo ṣàn án nù tán, mo ní kí n fi òrí pa á lára. Ló bá dákẹ́, ó gbé orí lé mi láyà. Láti ìgbà Tóyìn, Fàúsát, kò tíì sí ọmọ tó sùn lé mi láyà."

Ìyá Tóyìn fa páálí rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ yé sọ pé wọ́n dá mi dúró. Èmi ni mo dúró."