Irin Ẹ̀yìn Ọ̀kadà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra irin kan ní àdúgbò Agric, irú èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kí èrò lè fẹ̀yìn tì í. Ó ní torí màmá wa tí ẹ̀yìn ń dùn ni. Ẹnu yà mí, torí kì í tilẹ̀ ra àgbo fún wọn.

Bó ṣe ń fi sípánà de irin náà pinpin lójúde wa, màmá jókòó tì í, wọ́n ń ṣàdúrà: "Bó o ṣe ń ṣe fún mi yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ rẹ á ṣe fún ọ." Ó ń pariwo àmín.

Ó gbé wọn lọ kí àbúrò wọn ní Ẹ̀pẹ́. Nírọ̀lẹ́, òun nìkan ló dé. Kò tíì mu omi tó fi mú sípánà, ló bá ń tú irin náà.

Mo ní, "Kí ni màmá máa fẹ̀yìn tì tí wọ́n bá ń bọ̀?"

Ó ní, "Wọn ò bọ̀ mọ́. Ìyàwó mi ò fẹ́ arúgbó nílé."

Mo wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré lágbàálá. Mo ṣe àmín sí àdúrà àárọ̀ yẹn, sókè ketekete, kó lè gbọ́.