Owó Kípírù Wọ́n ju Bí Mo Ṣe Rò Lọ

Owó ọkọ̀ òfúrufú, iye tí wọ́n ń gbà fún yàrá òtẹ́ẹ̀lì, àti ìyàwó mi tó ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé a ń lọ sinmi ní erékùṣù Kípírù: àwọn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo rò pé owó ibi kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní wọ́n. Lónìí ni akọ̀wé báńkì sọ pé, “Baba, owó yúrò ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ẹyọ kan rẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀rún náírà lọ.”

Mo délé, mo ní ká má lọ mọ́.

Ìyàwó mi ò tilẹ̀ wò mí. “Bàbá Dúpẹ́, ogójì ọdún lẹ ti ń ṣèlérí. Mo ti ra gàrí láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú àti yàrá nìkan la ó sanwó fún. Àbí wọn ò ní omi tútù níbẹ̀ ni?”

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló lè bá obìnrin yìí jiyàn nínú yín? Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ là ń lọ.